Ẹrù Ọkọ̀ Sípéènì

Bashiru, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ní Plumstead nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bá ẹnìkan ṣe pààrọ̀ ṣíìfù kó lè lọ wo eré tí ọmọ rẹ̀, Anisah, fẹ́ ṣe nílé ìwé. Ogun kékeré kan ni wọ́n fi ṣeré: ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan àti ti Sípéènì kan tó pàdé lójú òkun nítòsí Jàmáíkà láyé àtijọ́. Anisah ní inú ọkọ̀ Sípéènì lòun máa wà. Bashiru pe ìyá tirẹ̀ ní Ìjẹ̀bú lórí fídíò, ó gbé fóònù sókè kí ìyá náà lè máa wo eré.

Àwọn ọmọ ń yin ìbọn onípáálí, wọ́n ń ṣubú, àwọn òbí ń rẹ́rìn-ín.

“Èwo ni Anisah nínú wọn?” ìyá rẹ̀ béèrè.

“Ẹ ní sùúrù, Mummy.”

Wọ́n já àsíá Sípéènì sílẹ̀, àtẹ́wọ́ ta. Ni aṣọ ńlá aláwọ̀ eérú kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í rákò láti ìdí ọkọ̀ Sípéènì bọ́ sínú ti Gẹ̀ẹ́sì. Bàtà ọmọdé ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Bashiru dá bàtà tó rà fún Anisah ní Woolwich mọ̀. Ó pa fóònù.

Nígbà tí wọ́n ká aṣọ náà, Anisah àti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ méjì, Irfan àti Olúwanífẹ́mi, jáde, òógùn bò wọ́n. Bashiru lọ bá Alice, tíṣà wọn.

“Kí ni àwọn ọmọ yìí ń ṣe lábẹ́ aṣọ?”

“Ẹrù ọkọ̀ ni wọ́n. Àwọn ẹrú. A ò fẹ́ dẹ́rù ba àwọn ọmọ kékeré, la ṣe bò wọ́n.”

“Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun, ṣé wọ́n dá wọn sílẹ̀?”

Alice wo ilẹ̀. “Rárá. Wọ́n lọ tà wọ́n ní Jàmáíkà.”

“Àwọn òbí tó ń pàtẹ́wọ́ ò gbọ́ ìyẹn.”

Anisah fà á lápá. “Daddy, please, ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wọn lọ sílé ní Tavy Bridge, ọmọ náà lọ jókòó lọ́tọ̀. Bashiru lọ bá a.

“Ṣé o mọ ohun tí wọ́n fi ẹ́ ṣe?”

“Mo mọ̀. Miss ti explain ẹ̀. Àwọn friends mi wà níbẹ̀, ẹ kàn embarrass mi níwájú everybody.”

 Bashiru pe ìyá rẹ̀ padà, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n tún eré náà ṣe. Anisah tún wọ abẹ́ aṣọ. Bashiru sọ fún Sẹ̀kínátù, ìyàwó rẹ̀, pé òun ò rẹ́ni bá òun ṣe pààrọ̀ ṣíìfù. Bẹ́ẹ̀, kò tilẹ̀ bi ẹnikẹ́ni léèrè.