Òròmọdìẹ inú Kọ̀ǹpútà Màámi

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo lá àlá pé mo rí Màámi nínú kọ̀ǹpútà wọn tí a ò rí ṣí láti ìgbà tí wọ́n ti papò dà. Gbogbo fáìlì ibẹ̀ ti di òròmọdìẹ, Màámi sì ń dà wọ́n sínú àgò: fọ́tò ìgbéyàwó yín sí ọ̀kan, àwọn orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ sí òmíràn. Mo fẹ́ wọlé, ilẹ̀kùn béèrè páswọ́ọ̀dù. Mo sọ orúkọ tí mo ń jẹ́ níbi iṣẹ́, kò ṣí. Ni mo bá kúnlẹ̀, mo kí Màámi. Wọ́n fi oríkì mi dá mi lóhùn: “Àkànkẹ́, kí lo ń ṣe níta?” Ilẹ̀kùn ṣí. Òròmọdìẹ kan fò lé mi lọ́wọ́, ó lanu, ó fẹ́ fi ohùn Màámi kọrin, ni mo jí.

Ẹ gbé kọ̀ǹpútà yẹn wá. A ò tíì tẹ Àkànkẹ́ sí i rí.