Èéfín Ẹja Ò Jẹ́ Kí Wọ́n Jọ Gbé

Ẹja yíyan lobìnrin náà fi ń gbọ́ bùkátà látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Àwọn aládùúgbò a máa ṣàwàdà pé kò sí ológbò tí kì í kí i káàárọ̀. Òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló ń gbé yàrá tó kángun sí ààrò.

Kò tètè mọ ohun tó ń bá ọmọ náà jà. Ojú ọmọ á wú, ara á sú, mímí á dogun. Ó pè é ní òtútù, ó ra oògùn ikọ́ títí. Àfi lọ́jọ́ tí ọmọ fi ẹja díẹ̀ sẹ́nu, tí ètè rẹ̀ wú. Ká tó wí ká tó fọ̀, ó ti dákú. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, abẹ́rẹ́ ló dá ẹ̀mí rẹ̀ padà.

Dókítà ní kí ìyá jókòó. "Ara ọmọ yín ò gba ẹja, mà. Ọ̀tá lara rẹ̀ ka ẹja sí. Kò dìgbà tó bá jẹ ẹ́. Èéfín rẹ̀, ọwọ́ tó kan ẹja, lè pa á lára."

Obìnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ohun tó fi ń bọ́ ọmọ ló fẹ́ pa ọmọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aránṣọ, gba ọmọ náà sọ́dọ̀ fún oṣù díẹ̀, títí ìyá á fi ríṣẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn ò tètè yọjú, ọdún ń gorí ọdún. Bí ìyá bá wá kí i, á wẹ̀, á pààrọ̀ aṣọ. Síbẹ̀ ọmọ á sún sẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fọwọ́ kàn mí."

Ẹ̀gbọ́n bá a wí. Ìyá ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀."

Nígbà tó yá, ó wó ààrò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọṣẹ. Ó kun yàrá lọ́dà, ó ra bẹ́ẹ̀dì tuntun, ó sì lọ mú ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó gbọ́ gbogbo àlàyé rẹ̀ tán, ó wá kọjú sí aránṣọ.

"Màámi, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ò lè wojú ara wọn. Ìyá tó bí i ní kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, òun kàn wá kí wọn ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sìn ín dójú títì. Ìyá délé, òórùn ọ̀dà gba ilé kan. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì tí ẹnikẹ́ni ò tíì sùn lé, ó sunkún.