Bí Yésúfù Ṣe Wọn Àpò Ìtọ̀ Rẹ̀

Ẹni tó bá rí Yésúfù onírédíétọ̀ ní Ìbafò lọ́sẹ̀ náà, ẹ̀rín ni yóò pa á. Lọ́sàn-án gangan, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó fa abetí-ajá bo etí méjèèjì, ó sì ṣí agboòrùn sórí.

"Alàájì, òtútù ń mú yín ni?" làwọn awakọ̀ ń pariwo.

Ẹjọ́ oògùn ni. Jẹjẹrẹ mú un ní àpò ìtọ̀. Nílé ìwòsàn, wọ́n fún un ní oògùn tí kì í jẹ́ kí jẹjẹrẹ lè fara da ìmọ́lẹ̀, wọ́n ti okùn tín-ín-rín tó ní iná lẹ́nu bọ inú àpò náà, wọ́n sì tanná síbẹ̀. Jẹjẹrẹ náà kú. Ṣùgbọ́n oògùn ṣì wà lára Yésúfù. Fún oṣù kan, oòrùn lè jó awọ ara rẹ̀ bí iná.

Ìyẹn ò dà á láàmú tó ọ̀rọ̀ Dókítà Ògúnkànmí. "Ó ṣọ̀wọ́n o, Alàájì, ṣùgbọ́n àpò ìtọ̀ ẹlòmíì máa ń súnkì lẹ́yìn ìtọ́jú yìí. Ẹ máa fi ife wọn ìtọ̀ yín. Bí kò bá kọjá ìdajì ife lẹ́ẹ̀kan títí di Mọ́ńdè, àfàìmọ̀ kó má di iṣẹ́ abẹ."

Yésúfù wọ̀n ọ́n títí, kò kọjá ìdajì. Nígbà tí Mọ́ńdè mọ́, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ìyá Ikram, ó ti súnkì."

Kúlúsúmù ìyàwó rẹ̀ wò ó. "Omi mélòó lẹ mu lánàá?"

"Omi kẹ̀? Mo kàn fi yọ ẹnu ni. Ẹ̀yìnkùlé ni ṣáláńgá wà, inú oòrùn. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo fẹ́ jáde?"

"Bàbá Ikram, bí ẹ bá fẹ́ mọ iye omi tí rédíétọ̀ kan ń gbà, kí lẹ máa ń ṣe?"

"Màá rọ omi sí i, á kún dé ẹnu, màá wá..." Ó fọwọ́ lu orí. "Yéè!"

Ọ̀rá omi mẹ́rin ló fà mu lẹ́sẹ̀ kan náà. Ó jókòó, ó dìde, ó mú un mọ́ra, ó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún bí ẹni tó tẹ iná.

"Ẹ ní sùúrù, kò tíì kún!" Ẹ̀rín ti fẹ́ pa Kúlúsúmù.

Nígbà tó yá, ó fi eré gé e lọ sí ṣáláńgá, ife lọ́wọ́. Ariwo ló kọ́kọ́ ti ibẹ̀ jáde.

"Ó kún! Ìyá Ikram, ó kún, ó tún ń dà sílẹ̀! Ẹ gbé ife míì wá!"

Ife kan àti ààbọ̀. Yésúfù pe dókítà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó rò ó fún un látòkèdélẹ̀. Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

"Kò súnkì rárá, Alàájì. Ẹ gbàgbé iṣẹ́ abẹ. Ẹ ṣáà máa mumi."

"Ẹ ṣeun, dókítà, Ọlọ́run á... Ẹ dúró ná, ẹ má pa fóònù, mo tún ń bọ̀!"