Etí Bàbá Kẹ́mi

"Ẹ gbọ́ ọ báyìí, Bàbá Kẹ́mi?"

Ìyáàfin Akíntọ́lá tún fi ẹsẹ̀ tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ pátápátá. Ọkọ̀ náà fò síwájú lórí òkè tó lọ sí ọ̀nà Ìsẹ̀, ó gbọ̀n gìrìgìrì, ó wá ń fà tìkọ̀ bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń wọ́ lọ sọ́jà. Afọlábí mẹ́káníìkì, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mọ ìgbọ̀nrìrì náà nínú egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìró ńkọ́? Kò gbọ́ ìró kankan.

"Mo gbọ́ ọ, Tíṣà," ló wí.

Irọ́ gbuu ni, ó sì ti lé lọ́dún kan tó ti ń pa á. Ariwo hùùù kan ló máa ń wà létí rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, bíi ti ẹni tó ki orí bọ inú àgbá òfìfo. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń lu páànù ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ àwọn wẹ́dà, kí lẹ rò pé yóò ṣẹ́ kù létí èèyàn? Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Kò sọ fún Kẹ́mi ọmọ rẹ̀. Báwo ni yóò ti ṣe sọ ọ́? Etí yẹn gan-an ni gbogbo Ìkẹ́rẹ́ fi mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ tó bá ń ṣàìsàn tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó ń ṣe é, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Yóò fi ẹnu sukudiréfà kan ẹ́ńjìnnì, yóò gbé ìdí rẹ̀ sétí, yóò di ojú, yóò sì ní nǹkan báyìí ló bàjẹ́. Tú u, wàá bá a bẹ́ẹ̀. Mẹ́káníìkì irú èyí tí kò bá gbọ́ràn mọ́, kí ló kù lára rẹ̀?

"Tí mo bá rọra ń lọ, kì í ṣe nǹkan kan," ni Ìyáàfin Akíntọ́lá ń wí. Afọlábí yíjú sí i kó lè máa wo ẹnu rẹ̀. "Àfi tí mo bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Lánàá, mo fẹ́ kọjá ọkọ̀ agbépákó kan nígbà tí mò ń ti ilé ìwé bọ̀. Mo ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó tó kú mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ọkọ̀ ńlá mìíràn ń bọ̀ níwájú. Àwọn ọmọ mi wà lẹ́yìn." Ó ká ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù. "Ẹ̀ẹ̀mẹta rèé tí mo gbé e wá, sà. Tí kò bá yé yín, ẹ sọ fún mi. Kò sí ìtìjú níbẹ̀."

"Ó yé mi. Ẹ fi sílẹ̀ fún mi di ọ̀túnla."

Kí ló yé e? Nígbà tó kọ́kọ́ gbé e wá nítorí èyí, ó pààrọ̀ kọ́ìlì tó ń gbé iná fún plọ́ọ̀gì. Nígbà kejì, ó fọ nọ́sù tó ń tú epo, ó pààrọ̀ fílítà. Ó kàn ń ta ọfà sínú òkùnkùn ni. Lọ́jọ́ kejì tó dá wà pẹ̀lú ọkọ̀ náà, ó gbé ìdí sukudiréfà sétí ọ̀tún, ó gbé e sí tòsì, ó ní kí Àrẹ̀mú tó ń kun ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kejì bá òun tẹ tọ́tù. Hùùù yẹn náà ni. Nígbà tí Àrẹ̀mú lọ tán, Afọlábí gbé orí lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sunkún. Ẹ̀rù ń bà á bí ẹ̀rù ti í ba ọmọdé.

Ó wá kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí Timothy.

Ọmọṣẹ́ rẹ̀ ni Timothy. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tó ti gba fúríìdọ̀mù, tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú gbogbo ẹgbẹ́ mẹ́káníìkì, tí Afọlábí gbàdúrà lé e lórí kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Adó. Láàárín wọn, ọmọṣẹ́ kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ ọ̀gá àfi tí ọ̀gá bá pè é, Afọlábí kò sì pè é rí. Nígbà tí Timothy ra ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yẹ ọkọ̀ wò, ọ̀gá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ní ẹnu tó fi ń sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń wá ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú fóònù.

Timothy dé, ó dọ̀bálẹ̀, ó so ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ ọkọ̀, ó wà á gun òkè lọ, ó padà.

"Plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń mísì, sà, wọn ò ṣáná déédéé, tí tọ́bò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ atẹ́gùn wọlé." Ó yọ plọ́ọ̀gì kan, ó wo ẹnu rẹ̀ títí. Nígbà tí yóò sọ̀rọ̀, ó rọra ni. "Ọ̀gá, ìgbà wo lẹ pààrọ̀ plọ́ọ̀gì yìí?"

"Oṣù tó kọjá."

"Ṣé ó ti ń mísì kí ẹ tó pààrọ̀ ẹ̀?"

Afọlábí rò ó wò. Sẹ́fíìsì lásán ni Tíṣà gbé ọkọ̀ wá fún nígbà yẹn, kò sí ohun tó ń ṣe é.

"Ayùn méjì lẹ fi wọ̀n ọ́n, sà?"

"Ayùn méjì ni."

Wọn kì í lo ohun ìwọ̀n kankan ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Bí ọ̀gá Afọlábí ṣe kọ́ ọ náà ló ṣe kọ́ Timothy: to ayùn méjì pọ̀, irú pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń rẹ́ irin, tì í bọ ẹnu plọ́ọ̀gì, tó bá wọlé tó fún, iná rẹ̀ yóò pọ̀ dáadáa. Kò sí ọkọ̀ tó já wọn kulẹ̀ rí lórí ìyẹn, ní Ìkẹ́rẹ́ títí dé Èmùré.

Timothy lóṣòó, kí orí rẹ̀ má baà ga ju ti ọ̀gá lọ. "Ẹ má bínú, sà. Tọ́bò ni eléyìí ní. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, atẹ́gùn tó ń wọ ibẹ̀ pọ̀, ó sì le. Tí ẹnu plọ́ọ̀gì bá fẹ̀ tó báyìí, uná ò ní lè fò ó kọjá. Á kú bí ìṣáná nínú ọyẹ́. Ayùn kan péré ló fẹ́." Ó fọwọ́ ra orí. "Ohun tí kò yé mi ni pé ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, mi ò tíì lo oṣù méjì lọ́dọ̀ yín nígbà náà, pé tó bá jẹ́ epo ló ń dá, ẹ́ńjìnnì á rọra máa rẹ̀ lọ ni, tó bá jẹ́ uná ló ń já, á máa ta pá-pá-pá bí àgbàdo nínú ìkòkò. Uná ló ń já níbí, sà. Ó ń pariwo. Báwo lẹ ò ṣe..."

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ẹnu òun ni ọ̀gá ń wò, kì í ṣe ojú òun.

"Ó ti pẹ́ tó, sà?" Ó gbé ohùn sókè.

"Ó lé lọ́dún kan."

"Màmá Kẹ́mi mọ̀?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀."

Timothy tẹ ẹnu plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa dé ibi ayùn kan, ó dá wọn padà. Àwọn méjèèjì gun òkè náà, ọkọ̀ sì lọ geere. Timothy rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ohùn ẹ́ńjìnnì. Afọlábí ń wo ìta.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí Ìyáàfin Akíntọ́lá ń bọ̀ lókèèrè, Timothy sún mọ́ etí ọ̀gá. "A ó ní plọ́ọ̀gì ayédèrú ni wọ́n tà fún yín. Ta ni kò mọ̀ pé ayédèrú pọ̀ lọ́jà?"

Afọlábí mi orí. Ó fẹ́ gbà. Ọlọ́run ló mọ bó ṣe fẹ́ gbà tó. Bí obìnrin náà bá gbà á gbọ́, òun náà ṣì jẹ́ ẹni tí òun ń jẹ́.

"Kí ló wá ṣe é, sà?" ni obìnrin náà béèrè.

"Plọ́ọ̀gì ayédèrú..." Timothy bẹ̀rẹ̀.

"Kì í ṣe ayédèrú," Afọlábí wí. "Èmi ni mo ṣí ẹnu rẹ̀ jù, Tíṣà. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló fẹ́ pa yín lọ́nà. Ẹ bi mí bóyá mo gbọ́, mo ní mo gbọ́. N kò gbọ́ nǹkan kan. Etí mi ti lọ."

Obìnrin náà wò ó. Ó wá sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì yé e láti ètè rẹ̀: "Àwọn ọmọ mi wà nínú ọkọ̀ yẹn, Bàbá Kẹ́mi."

"Mo mọ̀."

Kò bú u. Ì bá bú u, ì bá sàn. Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó kẹ́yìn sí i, ó ń bá Timothy sọ̀rọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Afọlábí rí i tí Timothy mi orí pé rárá, tó wẹ̀yìn wò ó, tó tún mi orí.

"Kí ló sọ?" Afọlábí béèrè. Ó ti pẹ́ tó ti ń sá fún ìbéèrè yẹn, lọ́jà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, nínú ilé tirẹ̀.

Timothy wolẹ̀.

"Mo ní kí ló sọ? Sọ ọ́ sókè kí n gbọ́."

"Nọ́ńbà mi ló ń béèrè, sà."

Afọlábí fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀, ìka kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé àkísà náà lélẹ̀.

"Fún un," ló wí.