Àwo Kejì Nínú Fíìmù Tósìn

Kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé yẹn tó lù ni ọmọ mi, Olúwatósìn, fẹ́ gbọ́ èsì lẹ́nu mi. Ó ti fi ìtàn ojú ewé méjì tí mo kọ lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀ ṣe fíìmù oníṣẹ́jú méjìlá ní Ìbàdàn. Bí mo bá gbà, yóò fi ránṣẹ́ síbi ìdíje. Bí mo bá kọ̀, yóò pa á tì. Mo ti pinnu láti kọ̀, nítorí ó yí ìtàn mi padà.

Ṣùgbọ́n mo ní kíláàsì Yorùbá ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Jahi ní aago méjì, iṣẹ́ ọjọ́ náà sì ni bí a ṣe ń fi ìtàn inú ìwé wé èyí tí wọ́n sọ di fíìmù. N kò ní fíìmù mìíràn tó kúrú tó bẹ́ẹ̀, mo bá mú ti Tósìn àti ìtàn mi. Mo yọ orúkọ wa kúrò lára méjèèjì, kí àwọn ọmọ lè sọ òótọ́ inú wọn.

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Fáìlì ni mo fi ọgbọ̀n ọdún tọ́jú ní mínísírì kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo kàn máa ń dá fíìmù dúró, mo ń ka iye ìgbà tí àwòrán yí, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀, títí mo fi mọ ohun tí kámẹ́rà lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe. Ìwé lè sọ pé ọdún mẹ́ta kọjá. Kámẹ́rà ní láti wá nǹkan tó ti gbó fi hàn wá.

Mo lẹ páálí mọ́ ìsàlẹ̀ ojú tẹlifíṣọ̀n, kí àwọn ọmọ má baà máa ka ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń sáré kọjá níbẹ̀.

"Kai! Sà, ẹ ti gé ẹsẹ̀ gbogbo wọn!" Mofìyìnfólúwa kígbe.

"Kò sí ìtàn ní ẹsẹ̀ wọn. Etí rẹ ni kí o lò."

"Etí mi ti lọ họ́lídè, sà."

Wọ́n ka ìwé, wọ́n wo fíìmù. Nínú ìwé, bàbá kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ń se ìrẹsì ife méjì, bí ìyàwó náà ti máa ń wọ̀n ọ́n. Ó ń jẹ ìdajì, ó ń gbé ìyókù sínú fíríìjì, ó ń jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Nínú fíìmù, ó bu àwo kejì, ó gbé e lọ fún Anwar, máígádì rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń sọ̀rọ̀.

Mo pín bọ́ọ̀dù sí mẹ́ta: ìwé, fíìmù, ìdí.

"Máígádì ò sí nínú ìwé. Kí ló dé tí wọ́n fi mú un wá?"

Japheth ní, "Bí bàbá yẹn ò bá rí ẹni bá sọ̀rọ̀, báwo la ṣe máa mọ nǹkan tó ń rò? Kámẹ́rà ò lè wọ orí ẹ̀."

Inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn. Mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí Ìtùnúolúwa, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, nawọ́ sókè.

"Sà, mo rò pé ẹni tó ṣe fíìmù yìí mọ bàbá yẹn."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Kò fẹ́ kó máa dá jẹun."

"Àbí kò ráyè wá bá a jẹ ẹ́ fúnra ẹ̀," Mofìyìnfólúwa já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, "ló bá rán Anwar!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo kọjú sí bọ́ọ̀dù, mo sì kọ ọ̀rọ̀ Ìtùnúolúwa sábẹ́ ìdí: kò fẹ́ kó máa dá jẹun.

Nígbà tí àwọn òbí ti wá kó ọmọ wọn tán, mo jókòó láàárín àwọn àga tó ṣófo, mo pe Tósìn.

"Dádì, ṣé ẹ ti pinnu?"

"Mo ti pinnu. Fi ránṣẹ́."

"Lóòótọ́? Mo rò pé ẹ máa bínú nítorí máígádì yẹn."

"Mo bínú. Ó ti rọlẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Àmọ́ ilé yín ní Nyanya ò ní máígádì."

"Kò ní."

"Ta ló wá ń bá yín jẹun?"

Ó ti ń bi mí bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́ta tí ìyá rẹ̀ ti kú, èsì kan náà ni mo sì máa ń fún un: àwọn ará àdúgbò, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, èèyàn pọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo ti la ẹnu láti tún un sọ.

"Kò sí," ni mo wí. "Kò sẹ́nì kankan, Tósìn."

Kò pa fóònù. Mo kàn ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Èmi náà kò sì pa tèmi.