Mọ́kànlá Tí Wọn Kò Kà

Lẹ́yìn ilé-ìwé, nínú yàrá tí wọ́n ń kó àga tó ti ṣẹ́ sí nígbà kan, ni Bàbá Tíṣà ti ń kọ́ ọmọ mọ́kànlá. Wọ́n ti dé kíláàsì kẹrin, wọn ò sì mọ̀wé kà. Ọdún mẹ́ta ló fi bẹ ọ̀gá ilé-ìwé kó tó rí yàrá náà gbà. Ọmọ kan á jókòó tì í, á fi ìka tọ ọ̀rọ̀, á kà á sókè. Bàbá Tíṣà á kọ ọ́ sílẹ̀: lónìí, ọ̀rọ̀ méjì.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ọ̀gá pè é.

"Bàbá, àwọn olùwádìí ètò ẹ̀kọ́ ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Wọ́n fẹ́ dán kíláàsì kẹrin wò. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín sinmi nílé."

"Gbogbo ọmọ ni wọ́n ní àwọn fẹ́ rí, mà."

"Ẹni tó ń retí àlejò kì í da pàǹtí síwájú ilé."

"Wọn kì í ṣe pàǹtí."

"Ẹ má bínú. Bí máàkì wa bá ga, wọ́n á fún wa ní ohun tá a bá bèèrè. Tíṣà kejì fún yàrá yín ni màá kọ́kọ́ bèèrè."

Ọjọ́ ti pẹ́ tí Bàbá Tíṣà ti ń wá tíṣà kejì. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ìwé sí òbí mọ́kànlá pé kí ọmọ wọn má wá lọ́jọ́bọ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, olùwádìí kan ṣoṣo ni wọ́n rán wá, ọ̀dọ́bìnrin tó ń ka orí ọmọ bí ẹni ń ka ẹyin.

"Mọ́kàndínláàádọ́ta ni orúkọ inú ìwé. Méjìdínlógójì ni mo rí. Àwọn tó kù ńkọ́, sà?"

Ọ̀gá ń wo ògiri.

"Ara wọn ò yá," ni Bàbá Tíṣà wí.

"Mọ́kànlá lẹ́ẹ̀kan náà? Àìsàn yín yìí mọ ìṣirò o."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín ju bí ọ̀rọ̀ náà ṣe pa ni lẹ́rìn-ín lọ.

"Mo lè padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n wá dán àwọn náà wò."

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu," ni Bàbá Tíṣà wí.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, lẹ́tà àwọn olùwádìí dé. Ilé-ìwé wọn ló ṣe ipò kìíní. Ọ̀gá ka ìyẹn sétígbọ̀ọ́ gbogbo ọmọ, wọ́n pàtẹ́wọ́. Kò ka ìyókù. Ó nà án sí Bàbá Tíṣà ní ọ́fíìsì.

*Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ̀wé kà ní ilé-ìwé yín. Nítorí náà, ẹ ti yàrá àkànṣe yẹn. Olùkọ́ ibẹ̀ yóò lọ sí ilé-ìwé tó nílò rẹ̀.*

"Mo bèèrè tíṣà kejì o, Bàbá."

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀yin náà lẹ sì sọ pé ara wọn ò yá."

Bàbá Tíṣà mú lẹ́tà náà jáde. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Ó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ nínú yàrá ẹ̀yìn nígbà tí ọmọbìnrin kan lára àwọn mọ́kànlá wọlé, èyí tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìbéèrè.

"Bàbá, wọ́n ní a ṣe ipò kìíní."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Títí kan àwa náà?"

Ó gbé ìwé kan sínú ẹrù. Ọmọ náà rí lẹ́tà lórí tábìlì. Ó jókòó, ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀.

"Kò. Sí. A-kẹ́-kọ̀ọ́." Ìka rẹ̀ dúró. "Kí ló kàn, Bàbá?"

Bàbá Tíṣà ká lẹ́tà náà, ó fi í sápò. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀: lónìí, ọ̀rọ̀ mẹ́ta.