Bàbá Lábẹ́ Igi Máńgòrò

Láyé Alfa Àbdùlkàdírì, kò gbà kí ẹnikẹ́ni ya òun ní fọ́tò. Bí kámẹ́rà bá ti yọjú níbi ìgbéyàwó, bàbá á yí ẹ̀yìn sí i. Àfìgbà tí Múdàṣírù, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, gbé kámẹ́rà sórí ògiri aládùúgbò ní Ṣàngó, kó máa ya ilé tí àwọn ọmọ ń kọ́ fún bàbá. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kámẹ́rà á máa ya fọ́tò lẹ́yọ lẹ́yọ títí dalẹ́. Bí wọ́n bá so wọ́n pọ̀ di fídíò, ilé á gòkè lójú ẹni.

Bàbá gbé àga sábẹ́ igi máńgòrò lọ́ọ̀ọ́kán, ó tún fìlà ṣe.

"Ilé lò ń yà o, kì í ṣe èmi." Nígbà tó ṣe, ó ní, "Mudà, ṣé ojú mi hàn níbẹ̀?"

"Ó hàn kedere, Bàbá."

Láti ọjọ́ náà, bí bàbá bá ti jókòó láàárọ̀, á juwọ́ sí kámẹ́rà.

Ṣùgbọ́n fídíò ń ṣẹ́jú. Ó mọ́lẹ̀, ó ṣú, ó tún mọ́lẹ̀, bíi gílóòbù tí iná ò tó. Inú bí Múdàṣírù, ó tọ Hàrúnà, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ fọ́tò, lọ.

"Àwọn ewé irin inú lẹ́ǹsì ni," Hàrúnà wí. "Bí kámẹ́rà bá ti fẹ́ yà, wọ́n á pa ojú dé díẹ̀, wọn kì í sì í dúró síbi kan náà. Ṣí i sílẹ̀ gbayawu, wọn ò ní mira mọ́. Àmọ́ ohun tó o bá dojú lẹ́ǹsì kọ nìkan ni yóò hàn kedere o, ìyókù á ṣe bàìbàì."

Múdàṣírù gbọ́ tàkọ́kọ́, kò ka ìkejì sí. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ó ṣí lẹ́ǹsì, ó dojú rẹ̀ kọ ògiri ilé, ó sì pa gbogbo èyí tó ti yà tẹ́lẹ̀ rẹ́.

Wọn ò tíì kan páànù tí bàbá fi kú. Wọ́n ti sin ín kí Màsúdát, àkọ́bí rẹ̀, tó ti Kàdúná wọlé. Ó ti pẹ́ tó rí bàbá kẹ́yìn.

"Wọ́n ní o ya Bàbá," ó wí. "Jẹ́ n rí ojú wọn, Mudà. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Múdàṣírù tan kọ̀ǹpútà. Fídíò ò ṣẹ́jú rárá. Búlọ́ọ̀kù ń gun búlọ́ọ̀kù, ó dùn ún wò. Lábẹ́ igi máńgòrò, nǹkan funfun kan wà níbẹ̀, kò ní ojú, kò ní imú. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

"Èwo ni Bàbá níbẹ̀?" Màsúdát bi í.

"Funfun yẹn ni wọ́n." Múdàṣírù fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà. "Ọwọ́ ni wọ́n ń jù sí wa yẹn. Mo sọ fún wọn pé ojú wọn hàn."